Ẹsẹ̀ Ti Múra, Ẹ̀jẹ̀ Ń Kọ́? Ìdáhùn fún Àwọn Agunkè Iléṣà Tó Fẹ́ Lọ sí Kilimanjaro

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́jọ la máa ń gun òkè pọ̀ láti Iléṣà. A ti gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé ìpele keje láìmọye ìgbà, a sì ti gun Òkè Ìdànrè. Ní báyìí, ọkàn wa ti fà sí Kilimanjaro ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ní ọjọ́ márùn-ún ti tó, pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù, pé ẹni tó bá lè gun Olúmirìn láìsinmi kò ní ní wàhálà kankan. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ti pé ẹni ọdún 61. Báwo ni ká ṣe ṣètò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ẹ̀yin ọmọ Ọwá. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọjọ́ márùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè ba gbogbo ètò yín jẹ́. Ẹ má gbà á. Bó bá jẹ́ owó ọjọ́ márùn-ún nìkan lẹ ní lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù ọdún kan sí i, kí ẹ kó owó jọ, kí ẹ wá lọ fún ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ẹni tó ti ń ka oṣù, ṣùgbọ́n lórí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀, iye ọjọ́ ló ń gbani, kì í ṣe agbára.

Gbogbo òkè tí ẹ ti gùn, kò sí èyí tó kọjá nǹkan bíi 1,000 mítà sí ojú òkun. Iléṣà fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 400 mítà. Kilimanjaro ga tó 5,895 mítà. Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Kò tó ìdajì rẹ̀. Olúmirìn àti Ìdànrè ti kọ́ ẹsẹ̀ àti orúnkún yín ní ẹ̀kọ́ tó dára gan-an, mi ò ní fojú tín-ín-rín wọn láéláé. Ohun tí wọn kò lè kọ́ yín ni bí ara ṣe ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ní ṣóńṣó Kilimanjaro, ọ́síjìn tó ń wọlé pẹ̀lú èémí kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tí ẹ ó rí mí ní etí òkun Èkó lọ.

Ara ènìyàn lè kọ́ ọ. Èémí á máa yára, kíndìnrín á tún iṣẹ́ rẹ̀ tò, ẹ̀jẹ̀ á sì máa nípọn sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè gbé ọ́síjìn púpọ̀. Ọjọ́ ni gbogbo èyí ń gbà, ó sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Kò sí eré ìdárayá tó lè mú un yá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lè dùbúlẹ̀ ní 4,000 mítà, kí ìyá àádọ́ta ọdún máa rìn kọjá lára rẹ̀. Àwọn alágbára pàápàá lè kó sínú àìsàn òkè, torí wọ́n máa ń dé òkè kí ẹ̀jẹ̀ wọn tó dé ibẹ̀.

Òfin tí àwọn dókítà òkè ń tẹ̀ lé ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí yóò sùn lálẹ́ òní kò gbọ̀dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì fi alẹ́ kan sinmi sójú kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ wá wo ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ń tà fún yín. Ojú ọ̀nà Marangu ni yóò jẹ́: alẹ́ àkọ́kọ́ ní Mandara, nǹkan bíi 2,700 mítà, èkejì ní Horombo, nǹkan bíi 3,700, ẹ̀kẹta ní Kibo, nǹkan bíi 4,700, lóru ọjọ́ náà gan-an, ẹ ó dìde lọ sí ṣóńṣó. Nǹkan bíi 1,000 mítà ni lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀nà Machame ọjọ́ méje sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí yóò gbé yín dé Lava Tower ní nǹkan bíi 4,600 mítà lójú ọ̀sán, yóò sì tún sọ̀ yín kalẹ̀ sí Barranco, níbi tí kò tó 4,000, kí ẹ tó sùn. Ara ti fojú rí òkè gíga, ó sì lọ sinmi nísàlẹ̀. Ti Lemosho ọjọ́ mẹ́jọ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àyè tó tún pọ̀ sí i, òun sì ni èmi yóò yàn fún ẹni mẹ́jọ tí kò tíì gun ohun tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àìsàn òkè gíga máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ohun tí kò tó nǹkan: orí fífọ́, oúnjẹ tí kò wuni, èébì, òòyì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 2,500 mítà, ó sì sábà máa ń lọ bí ènìyàn bá dúró sójú kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀yà méjì rẹ̀ ló ń pani. Àkọ́kọ́ ni kí ọpọlọ wú: ìrìn ẹni náà á dàrú bíi ti ẹni tó mutí yó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní dọ́gba mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè fi gìgísẹ̀ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà tó tọ́. Èkejì ni kí omi kún inú ẹ̀dọ̀fóró: mímí á ṣòro fún un kódà lórí ìjókòó, ikọ́ á sì dà á láàmú. Fún méjèèjì, kí ẹni náà sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ òru. Ọ́síjìn àti oògùn tó wà lọ́wọ́ afinimọ̀nà wúlò láti fi gbé e dé ìsàlẹ̀. Wọn kò sọ jíjókòó sókè di ohun tó bójú mu.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀, torí òun ló máa ń ṣòro jù fún ẹgbẹ́ agunkè tiwa. Bí wọ́n bá bi wá pé, "Ṣé ara le?", ìdáhùn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: "A dúpẹ́." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Ẹlòmíràn tún gbà pé bí òun bá fi ẹnu ara òun pe àìsàn, òun ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn, á ní, "Mi ò gbà á, kì í ṣe tèmi." Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ nílé. Ní 4,000 mítà, ó ń gba ẹ̀mí. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú yóò ṣì máa sọ pé a dúpẹ́ títí yóò fi ṣubú lulẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì gbà á gbọ́ nítorí pé ohùn tí ẹ mọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ má bi ara yín pé ṣé ara le. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ máa bi ara yín láàárọ̀ àti lálẹ́: orí ń kọ́? Inú àti oúnjẹ ń kọ́? Àárẹ̀ ń kọ́? Òòyì ń kọ́? Kí oníkálukú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, 0 bí kò bá sí i rárá, 3 bó bá le débi pé kò lè ṣe nǹkan kan. Òṣùwọ̀n Lake Louise ni wọ́n ń pè é, òun sì ni àwọn oníṣègùn òkè ń lò káàkiri ayé. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ sì pé 3 lẹ́yìn tó ti gun òkè, àìsàn òkè ti dé nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sùn sókè ju ibẹ̀ lọ títí àìsàn náà yóò fi lọ. Olùkọ́ ni yín, ẹ mọ bí a ṣe ń kọ máàkì sínú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí ní Olúmirìn, nígbà tí orí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ́, kó lè mọ́ yín lára láti máa sọ òótọ́ ara yín lójú àwọn ẹgbẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ àgbà tún wà níbẹ̀. Ta ni nínú ẹ̀yin àbúrò ni yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n ẹni ọdún 61 kó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ báyìí"? Bí ẹ kò bá ti ṣe ìpinnu náà nílé, ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ ọ́ lókè. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ pe ìpàdé, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, àgbà àti ọmọdé. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́jọ lè sọ pé kí ẹlòmíràn padà, ojúṣe rẹ̀ sì ni. Kì í ṣe àrífín. Bí afinimọ̀nà bá ti sọ pé ẹnì kan ń padà, abẹ ge ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò ní dúnàá-dúrà. Ẹni tó bá ń sọ̀ kì í dá sọ̀, afinimọ̀nà kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, èyí ló fi yẹ kí ẹ béèrè iye afinimọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà máa fún ẹni mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ní ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ẹ sì fi sí àdéhùn pé kò sí ẹni tí yóò fi ẹni tó padà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn ìrìn náà. Ẹ lè rò pé ohun kékeré ni ìkẹyìn yìí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ẹ̀sín ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró.

Mo mọ ẹ̀jẹ̀ Ọ̀ṣómàáló tó ń bẹ lára yín. Ẹni tó ti lọ gbowó rẹ̀ kì í dìde lọ́wọ́ òfo, ìwà yẹn sì ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà. Òkè kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín lọ́kàn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, tó sì yẹ kó ṣáájú owó: jẹ́nótáìpù. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Nínú ẹ̀yin mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kí méjì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nílé, AS kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́, ìgbéyàwó nìkan la máa ń rántí rẹ̀ fún. Níbi tí ọ́síjìn ti dín kù, tí omi ara sì gbẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè ká bíi dòjé gẹ́gẹ́ bí ti SS, kí wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Mi ò sọ pé kí AS má lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lọ tí wọ́n sì ń bọ̀ láyọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ àti afinimọ̀nà mọ ẹni tó jẹ́ AS, kí ẹni náà máa mu omi dáadáa, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni sáré, kó sì mọ̀ pé ìrora líle lábẹ́ ìhà òsì kì í ṣe ọgbẹ́ inú, kì í sì í ṣe gáàsì. Sísọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má gun òkè yìí rárá. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un nínú ẹgbẹ́, bíi ṣíṣe ètò owó àti ìbánisọ̀rọ̀ láti ilé.

Ẹ má gbára lé èsì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Àṣìṣe máa ń wà nínú wọn. Ẹ tún un ṣe ní Wesley Guild ní Iléṣà níbẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹ wá sí ilé-ìwòsàn OAUTHC níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, kí dókítà wo ìfúnpá àti ọkàn yín, kí ẹni tó ní ikọ́ fée sì sọ ọ́. Ẹ bi í léèrè nípa acetazolamide, èyí tí wọ́n ń tà ní Diamox, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ òkè. Ó máa ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra, ó sì máa ń mú ìka ọwọ́ jó ni. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar bá máa ń yún lára tàbí tó ń wú u lójú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́, torí ìdílé oògùn tó fara pẹ́ra ni wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi orí fífọ́ ní òkè ṣe ibà. Mo mọ bí a ṣe ń ṣe: orí fọ́, a gbé oògùn ibà mì, a tún ń bá ìrìn lọ. Ẹ̀fọn wà ní Moshi ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí náà ẹ lo oògùn ìdènà ibà bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n orí tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ní 3,500 mítà, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọtí àti oògùn oorun, ẹ fi wọ́n sílé.

Nípa ìgbáradì, ẹ ti sún mọ́ ibi tó dára ju ti ọ̀pọ̀ ará Èkó lọ. Ẹ má kàn máa lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ohun tí òkè gíga ń fẹ́ ni kí ara lè rìn lónìí, kó tún rìn lọ́la pẹ̀lú àárẹ̀ tàná. Ẹ fi Sátidé gun Olúmirìn dé ìpele keje, kí ẹ tẹ̀ síwájú dé abúlé Abákẹ́ lókè, kí ẹ sì padà; lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ tún gba orí òkè mìíràn fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú báàgì kílò mẹ́jọ lẹ́yìn. Ní Ìdànrè, àkàbà òkúta tó lé ní 600 ni kí ẹ gùn kí ẹ sì sọ̀ léraléra, torí sísọ̀ ló ń pa orúnkún. Òru ìparí lórí Kilimanjaro máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo méjìlá òru, nítorí náà ẹ kọ́ ara láti rìn pẹ̀lú iná orí nígbà tí oorun ń kun ni. Ẹ má gba inú igbó lọ lóru fún èyí o, ojú ọ̀nà wa kò fara rọ. Inú ọgbà ilé-ìwé tó ní odi, tó ní àtẹ̀gùn, ti tó.

Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gun Òkè Kamẹrúùnù, tó lé ní 4,000 mítà. Òkè tó gbayì ni, iná inú rẹ̀ kò tíì kú. Ó bú ní 1999 àti 2000. Ṣùgbọ́n Buea tí wọ́n ti ń gùn ún wà ní agbègbè tí rògbòdìyàn ti ń ṣẹlẹ̀ láti 2016 wá, mi ò lè rán ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀ báyìí. Bí owó bá wà, ohun tó sàn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gun Òkè Meru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Arusha ní Tanzania kan náà, òkè tó lé ní 4,500 mítà, fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sinmi, kí ẹ tó bọ́ sí Kilimanjaro. Ara yín á ti mọ ìdajì ìwé náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó, àjọ ni kí ẹ dá, kí orúkọ ẹni méjì sì wà lórí àkáǹtì. Dọ́là ni ilé-iṣẹ́ àti ọgbà ìjọba tó ni òkè sábà máa ń fi ṣírò owó, nítorí náà ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún náírà tó ń rọ́ kiri. Owó ọgbà, owó ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó gba Addis Ababa, físà, ìbánigbófò, àti owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ òkè ni kí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìbánigbófò náà gbọ́dọ̀ sọ kedere pé ó bo ìrìn tó ga tó 6,000 mítà, torí ọ̀pọ̀ wọn kò bo ju 3,000 tàbí 4,000 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà ní kùtùkùtù. Wọn yóò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Kí ẹ sì pinnu nínú àdéhùn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ẹni tó bá jáwọ́ láàárín.

Ẹ má yan ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ̀yìn àwọn alábàárù ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń jáde. Òfin òkè náà ni pé ẹrù alábàárù kan kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn lójúmọ́, iye ìgbà tí wọ́n ń jẹun, àti ibi tí wọ́n ń sùn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi èyí falẹ̀, ẹ kọjá lọ.

Àkókò rọ̀ yín lọ́rùn: oṣù keje sí ìkẹsàn-án jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́hùn-ún, ó sì bá ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yín mu. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò ńlá wọn. Òtútù ṣóńṣó lè wọ ìwọ̀n 15 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ wa kò tó àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ lè yá báàgì ìsùn àti jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn ní Moshi, ṣùgbọ́n ẹ má yá bàtà. Ọjà òkìrìkà ní bàtà òkè tó dára bí ẹ bá fara balẹ̀ wá a. Kí ẹ fi wọ Olúmirìn títí yóò fi mọ́ ẹsẹ̀ yín. Oúnjẹ kì í wuni lókè, omi tó ń hó níbẹ̀ kò sì gbóná tó ti ilé, nítorí náà ẹ má retí ẹ̀wà tó jinná. Ẹ kó ohun tí ọkàn yín fẹ́ láti ilé lọ: kúlíkúlí, àádùn, dòdò Ìkirè, gààrí díẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà.

Ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ ẹni ọdún 61 lè lọ. Ọjọ́ orí nìkan kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà níbẹ̀, bí dókítà bá ti yẹ ọkàn àti ìfúnpá rẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí i. Lórí òkè, ẹ fi òun síwájú, lẹ́yìn afinimọ̀nà, kí ìrìn tirẹ̀ jẹ́ ìrìn gbogbo yín. "Pole pole" ni àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ máa ń pè é ní èdè Swahili, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yín bá ń kùn pé ìrìn náà falẹ̀ jù, ẹ fún un ní ìwé máàkì kó máa bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Kí èsì jẹ́nótáìpù àti ìwé dókítà ẹ̀yin mẹ́jọ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.